Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Ohun Tí Ẹ̀rọ Bá Kọ

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù ká fi pírọ́jẹ́ẹ̀tì wa sílẹ̀ nígbà tí laptop tí àwa mẹ́rin jọ ń lò sọ fún wa pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ numpy. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló ti ń bá wa ka gbólóhùn Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó ń bá wa fi àmì ohùn sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láìsí àmì. Ní àárọ̀ Sátidé, a tàn án, ó ń wò wá bí ẹni tí kò rí wa rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ mọ́jú? A gbé Ubuntu orí rẹ̀ kúrò ní 22.04 bọ́ sí 24.04 ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àpótí kékeré kan ti ń yọjú lójú ẹ̀rọ pé ẹ̀yà tuntun ti dé. Lóru ọjọ́ Jímọ̀ náà, iná wà, dátà òru wà lórí fóònù ọ̀kan nínú wa, oorun ò sì kun ẹnikẹ́ni. A tẹ "Yes", a lọ mu gààrí.

A mọ ohun tí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde máa sọ. Ẹ máa ní kí ló dé tí a fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì kù sí dẹ̀dẹ̀? Òótọ́ ni, a gba ìbáwí. Ṣùgbọ́n Ubuntu tí wọ́n ń pè ní LTS yìí, ọdún méjì méjì ló ń jáde, ọdún márùn-ún sì ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní òun ò ní gbé tòun ga láéláé, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ká gbé e ga tàbí ká má gbé e ga la fẹ́ sọ. Ohun tó dùn wá ni ọjọ́ méjì tí a fi ṣòfò lẹ́yìn náà, nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn wà níwájú wa láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí a kàn kọ̀ láti kà á.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe kò burú. Numpy ò sí mọ́, àbí? Ká tún un gbé wọlé. A tẹ pip install numpy. Lẹ́tà pupa yọ: error: externally-managed-environment. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ súà. Kò sẹ́ni tó ka ju ìlà àkọ́kọ́ lọ nínú wa. Ojú wa ti kọ́ láti máa sá fún pupa. Bí a bá ti rí i báyìí, ọwọ́ ti wà lórí fóònù, a ti ń wá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí a fi rí i: ẹ fi --break-system-packages sí ìdí àṣẹ yẹn, ó máa ṣiṣẹ́. A bi AI léèrè, òun náà mẹ́nu bà á.

Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ṣe é fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: ba àwọn package ẹ̀rọ jẹ́. Bí ẹlẹ́wé ọmọ bá gbé ìgò àgbo kan fún yín, tó kọ "ba-ẹ̀dọ̀-jẹ́" sára rẹ̀ gàdàgbà, ṣé ẹ ó gbé e mu torí pé ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun mu ún, kò ṣe òun ní nǹkan kan? Àwa fẹ́ gbé e mu. Ọwọ́ ti wà lórí Enter kí iná tó lọ, bátìrì laptop yẹn sì ti kú tipẹ́. Bí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Iná ìjọba ló gbà wá (a ò kọ irú gbólóhùn yìí rí).

Ẹnìkan tí a jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà ò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Òun náà gbé tirẹ̀ ga lọ́sẹ̀ yẹn, ó rò ó pé Python ló bàjẹ́, kí òun yọ ọ́ kúrò, kí òun sì tún un fi sí i. Ó tẹ sudo apt remove python3. Ẹ̀rọ to orúkọ gbogbo nǹkan tó máa bá Python lọ sílẹ̀ fún un, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, ó sì bi í bóyá kí òun máa bá a lọ. Kò kà wọ́n. Ó tẹ Y. Nígbà tó tan ẹ̀rọ padà, kò rí àwòrán, kò rí ibi tó máa tẹ̀. Ojú dúdú àti lẹ́tà funfun tó ń bi í ní orúkọ rẹ̀ ló kù. Ubuntu fúnra rẹ̀ ló ń fi Python ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ilé rẹ̀. Ẹni tó yọ Python níbẹ̀ ti yọ òpó ilé. Ó rí i gbà padà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú sudo apt install ubuntu-desktop àti dátà tó yẹ kó fi ṣe oṣù kan.

Ó yẹ ká mọ ibi tí ẹjọ́ yìí ti wá, torí ẹ̀rọ ò dédé fẹ́ fìyà jẹ wá. Ẹni méjì ló ń gbé package Python wọ inú Ubuntu. Ọ̀kan ni apt, tó jẹ́ ti Ubuntu. Èkejì ni pip, tó jẹ́ ti Python, tó ń lọ gbé nǹkan wá láti PyPI. Ẹ wò wọ́n bí ìyàálé àti ìyàwó tí wọ́n jọ ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan. Ìyàálé ti fi iyọ̀ sí i, ó ti tọ́ ọ wò, ó mọ iye tó wà níbẹ̀. Ìyàwó ti ọjà dé, kò bi ẹnikẹ́ni, ó bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nígbà tí baálé bá tu ọbẹ̀ dànù, ta ni ká bá wí? Bí pip bá fi ẹ̀yà tuntun bo èyí tí apt gbé wá, irinṣẹ́ Ubuntu tó gbára lé ẹ̀yà àtijọ́ lè dáṣẹ́ dúró, apt ò sì ní mọ ẹni tó ṣe é.

Àwọn ará Python wá gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní PEP 668. Ọdún 2021 ni wọ́n kọ ọ́. Ó ní kí OS fi fáìlì kan tó ń jẹ́ EXTERNALLY-MANAGED sínú fódà Python rẹ̀, kí pip sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bó bá ti rí fáìlì yẹn. Pip bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e láti ẹ̀yà 23.0, ní ọdún 2023. Pip inú Ubuntu 22.04 ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń da package sínú ẹ̀rọ wa bó ṣe wù wá láìsí ẹni tó mú wa. Ìgbà tí a dé 24.04 la bá ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Numpy wa gan-an ò sì sọnù. Python 3.10 ni Ubuntu 22.04 ń lò, 3.12 ni 24.04 ń lò. Inú fódà tó ń jẹ́ python3.10 ni àwọn package wa wà, Python 3.12 ò sì ń wo ibẹ̀. Fódà tirẹ̀ ló ń wò, ó sì bá a lófìfo. Àwa la dà bí ẹni tó kó lọ sí yàrá tuntun, tó wá ń pariwo olè, tí ẹrù rẹ̀ sì wà ní yàrá àtijọ́.

Gbogbo àlàyé yìí, a ò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ojú ti ń pọ́n wa. Ọ̀kan nínú wa tí kì í fọwọ́ kan kóòdù, tó jẹ́ pé ìwé pírọ́jẹ́ẹ̀tì ló ń bá wa kọ, ní ká jẹ́ kí òun ka ọ̀rọ̀ pupa yẹn sókè. Ó kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní ẹ̀rọ sọ pé: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá apt ní package tí ẹ ń wá, orúkọ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú python3-. Bí kò bá ní i, ẹ ṣe yàrá ọ̀tọ̀ fún un pẹ̀lú python3 -m venv. Àṣẹ náà wà níbẹ̀ ní kíkọ. Bó bá jẹ́ odidi ètò kan lẹ fẹ́ máa lò, ẹ lo pipx. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti wá dárúkọ --break-system-packages, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ẹ lè fi ba Python tàbí OS yín jẹ́.

Gbogbo ìdáhùn ló wà níbẹ̀. A wo ara wa. Láti àárọ̀ Sátidé!

Yàrá ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní venv yẹn, fódà lásán ni. Ohun tí pip bá gbé wá, inú rẹ̀ ló ń dúró sí, kò kan ìkòkò ìyàálé. Bó bá bàjẹ́, ẹ pa fódà náà rẹ́, Ubuntu ò tilẹ̀ ní mọ̀. Ohun tí a tẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ:

sudo apt install python3-venv
python3 -m venv ~/pirojeeti/venv
source ~/pirojeeti/venv/bin/activate

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo venv kí ẹ tó gbé OS yín ga, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Orí Python àtijọ́ ni venv yẹn dúró lé, bí ìyẹn bá ti lọ, òun náà ti ṣubú. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ ṣe òmíràn.

Ìbéèrè tó kàn ni pé: numpy wo ká gbé wá? Orí kóòdù àwọn sẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú wa la kọ́ tiwa lé. Inú fíláàṣì ló ti wá: kóòdù wà, dátà wà, ìwé pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn wà ní PDF, ṣùgbọ́n kò síbì kankan tí wọ́n kọ ẹ̀yà Python tàbí ẹ̀yà package tí wọ́n lò sí. Ẹ̀gbọ́n tó bá wa fi gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá ti lọ sin ìlú, fóònù rẹ̀ kì í sì í wọlé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú, ẹ ṣẹ̀ wá níbí yìí. Ẹ fi ilé sílẹ̀ fún wa, ẹ ò sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Fódà àtijọ́ ló yọ wá. Orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo package ṣì wà nínú rẹ̀, pip sì lè kà wọ́n jáde sínú fáìlì:

pip freeze --path ~/.local/lib/python3.10/site-packages > tele.txt

Nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, bí ẹ ò bá mú nǹkan kan lọ, ẹ mú ìyẹn lọ. Numpy==1.23.5 la rí níbẹ̀. A ní kí pip gbé e wá. Ó kùnà, pupa tún bo ojú ẹ̀rọ, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí a jókòó tì í, a kà á láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Ìlà kan nísàlẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi náà má jẹ́ ti pip. Ó dáa, a fi pip sílẹ̀. Lókè díẹ̀: ModuleNotFoundError: No module named 'distutils'. Irinṣẹ́ tí Python fi ń kọ́ package láti ìpìlẹ̀ ni distutils. Láti Python 3.10 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ó máa kúrò, wọ́n sì yọ ọ́ ní 3.12, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Numpy 1.23.5 ti jáde kí 3.12 tó dé, kò sí èyí tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ fún un. Ni pip bá gbé kóòdù rẹ̀ ní tútù, ó ní òun á kọ́ ọ fúnra òun. Wọ́n nawọ́ sí àpótí irinṣẹ́, distutils ti kúrò níbẹ̀. Ìtàn náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Numpy 1.26 ni àkọ́kọ́ tó bá Python 3.12 mu.

A jiyàn díẹ̀ níbí. Ẹnìkan nínú wa ní ká wá Python 3.10 wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí gbogbo nǹkan lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ uv lè ṣe ìyẹn láìfọwọ́ kan Python Ubuntu, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ méjì péré ló kù wá, ohun tí a ò bá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣì wà, a sì mọ̀ pé bí a bá sá fún ògiri yìí, àwọn àbúrò wa ló máa forí sọ ọ́. A gbé numpy 1.26.

Ó wọlé. A tan kóòdù. Ó ní numpy ò ní ohun tó ń jẹ́ float. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá, torí a mọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tí a bá tan kóòdù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ń kọ ọ́ fún wa pé np.float ò ní pẹ́ kúrò nílẹ̀, ká máa kọ float lásán. Láti numpy 1.20 ni ìkìlọ̀ yẹn ti wà, ní 1.24 ni wọ́n sì yọ ọ́. Kí làwa ṣe sí i? A wá àṣẹ tó máa pa á lẹ́nu mọ́, a fi sí òkè kóòdù, torí ó ń da ojú ẹ̀rọ rú. Ibi mẹ́tàdínlógún la ti rí np.float. Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kóòdù tó kàn ń ṣiṣẹ́ kò tíì tẹ́ wa lọ́rùn ṣá. A ní igba gbólóhùn tí àwa fúnra wa ti fọwọ́ fi àmì sí, àbájáde rẹ̀ sì wà nínú ìwé wa kí a tó fọwọ́ kan Ubuntu. A tún un dánwò. Iye ọ̀rọ̀ tó gbà, iye tó ṣì, bákan náà ni. Kódà, ibi tó ti máa ń pe ọkọ́ ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Inú wa ò tíì dùn sí àṣìṣe tó yẹn rí.

Nígbà tí a ń sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ẹnìkan ní ó rọrùn fún wa láti sọ pé ká máa kà, pé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ ń kọ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì. A gbà fún un. "Environment" tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ yẹn, ta ni kò ní rò pé ọ̀rọ̀ igbó àti omi ni? Àwọn tó kọ ọ́ gbé ohun tó ń dẹ́rù bani síwájú, wọ́n fi ìdáhùn sẹ́yìn, ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á fún wa ò mọ kóòdù kankan. Àwa mẹ́ta tí a ní a mọ̀ ọ́n la sá.

Àwọn kan tún ní ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká fi Ubuntu tuntun sí i. Ìmọ̀ràn ẹni tí kì í ra dátà nìyẹn. Fáìlì Ubuntu 24.04 nìkan ju gígábáìtì márùn-ún lọ. Bí a bá sì rí owó ra á, tí a fi gbogbo ọjọ́ kan gbé e wá, ẹ̀ṣọ́ kan náà la máa bá lẹ́nu ọ̀nà kan náà, torí pé ẹ̀rọ wa ò bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A ti fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa pé kí wọ́n má gba pírọ́jẹ́ẹ̀tì tó ní kóòdù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò bá kọ orúkọ OS, ẹ̀yà Python àti ẹ̀yà gbogbo package rẹ̀ sí i. Ojú ìwé kan péré ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí kóòdù yín ṣì ń yí káàkiri inú fíláàṣì, bí laptop tí ẹ lò ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ pip freeze, kí ẹ fi ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí wa.

Ti àwa wà nínú fíláàṣì tó wà lọ́wọ́ class rep. Fáìlì tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni KA-MI.txt. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Ubuntu 24.04, Python 3.12, requirements.txt wà nínú fódà yìí. Igba gbólóhùn tí ẹ máa fi dán an wò wà nínú fódà idanwo.